Onírùngbọ̀n Tó Ń Jẹ́ Ìyá Fọláṣadé

Ẹjọ́ àkàrà ni wọ́n gbé dé ààfin Lọ́jà, ọba wa, lánàá, ní ìlú kékeré wa lẹ́bàá Ìbòkun. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àkàrà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ló bọ́ sí.

Ojúọlá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Fọláṣadé, ló pe Ògúnṣẹ̀yẹ aláṣọ lẹ́jọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó ọmọ mi ní Òṣogbo. Láti ìgbà kòkó èṣí ni mo ti ń san owó aṣọ ààrán díẹ̀díẹ̀ fún Ògúnṣẹ̀yẹ. Ó ní ìgbà tí mo bá san án tán ni n óò tó gbé e. Inú káàdì ló ń kọ ọ́ sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni káàdì ń gbé, ó ní àwa obìnrin máa ń sọ nǹkan nù. Mo san án tán. Mo dé ibẹ̀, ó ní mo ti gbé e lọ!"

"Ṣé o ti gbé e lọ?"

"N kò tíì fọwọ́ kàn án, Kábíyèsí! Ọjọ́ Ìkórè ni mo rí ààrán mi tó ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Ọlọ́runyọmí ló wà nínú rẹ̀."

Gbogbo wa yíjú. Ọlọ́runyọmí onírùngbọ̀n, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, jókòó nídìí ògiri. Agbádá ààrán náà ló wọ̀ wá. Ó ní òun kò ní òmíràn tó yẹ ààfin.

"Ògúnṣẹ̀yẹ," ni Lọ́jà wí, "ta ni o gbé aṣọ fún?"

"Ìyá Fọláṣadé ni, Kábíyèsí. Ẹni tó bá mú káàdì wá ni mo ń gbé aṣọ fún. Òfin ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn. Mo bi í pé, 'Kí ni orúkọ rẹ?' Ó ní, 'Ìyá Fọláṣadé.' Mo wo káàdì, bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

"O kò rí irùngbọ̀n rẹ̀?"

"Mo rí i, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n káàdì kò sọ pé Ìyá Fọláṣadé kò ní irùngbọ̀n."

Baba Àjàgbé, àgbà ìgbìmọ̀, ní, "Káàdì tó wà lọ́dọ̀ rẹ, báwo ló ṣe dé ọwọ́ ẹlòmíràn?"

Ògúnṣẹ̀yẹ wo Susannah ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ má wò mí o!" ni Susannah wí. "N kò fi káàdì ẹnikẹ́ni wé àkàrà rí. Ewé ni mò ń lò."

"Káàdì ló fi wé tèmi, Kábíyèsí," ni Ọlọ́runyọmí wí. "Ẹyọ mẹ́fà ni. Ó dùn gan-an."

"Ó dùn, àbí?" Ojú Susannah tàn. "Káàdì náà ni! Ó fẹ̀, ó nípọn, epo kì í là á kọjá. Ìwé ìròyìn máa ń lẹ̀ mọ́ àkàrà lára."

"Ìwọ tó ní ewé lò ń lò?"

"Ewé ni, Kábíyèsí, bí káàdì bá tán. Wọn kò sì tíì tán. Inú agbọ̀n ẹ̀wà mi ni gbogbo wọn wà. Ti baálé ilé kan wà níbẹ̀ tó ń san owó ìró méjì, tí ìyàwó ilé rẹ̀ kò sì rí ju ẹyọ kan..."

Méjì nínú ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lọ́jà ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Ògúnṣẹ̀yẹ fò dìde. "Kábíyèsí, ọdún mẹ́wàá la ti ń ṣe é báyìí, kò séwu! Ta ló mọ̀wé nígbà náà? Ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n dá sílẹ̀ yìí ló ba ọjà jẹ́. Wọ́n kọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ABD, ó wá ń ka àkàrà!"

"Ọlọ́runyọmí, ṣé ìwọ ni Ìyá Fọláṣadé?"

"Kábíyèsí, olùkọ́ wa ní ohunkóhun tí a bá rí ní kíkọ, kí á kà á sókè. Mo kà á sókè. Ògúnṣẹ̀yẹ sì gbé aṣọ lé mi lọ́wọ́. Ṣé kí n wá máa bá àgbà jiyàn ni?"

Ojúọlá bú sẹ́kún. "Wọ́n ti gé e, wọ́n ti rán an, ó ń rùn fún epo kẹ̀kẹ́! Sátidé ni o! Ṣé aṣọ oko ni n óò wọ̀ fa ọmọ mi lé àwọn àna lọ́wọ́?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Lọ́jà forí korí pẹ̀lú ìgbìmọ̀, ó sì dájọ́.

"Ọlọ́runyọmí, o ní ìwọ ni Ìyá Fọláṣadé. Mo gbà. Títí di Sátidé, ìwọ ni yóò máa lọ ata, tí yóò máa pọn omi nílé Ojúọlá. Ìwọ ni yóò gún iyán àsè. O kò sì gbọdọ̀ fá irùngbọ̀n, kí àwọn àna lè dá ìyá ìyàwó mọ̀.

"Susannah, ewé ni kí o máa lò. Kí olúkúlùkù lọ mú káàdì rẹ̀ nínú agbọ̀n kí ilẹ̀ tó ṣú."

Àwọn méjì tó ń wúkọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ògúnṣẹ̀yẹ, n kò ní yí òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ padà. Lọ́la, ẹnì kan yóò wọlé wá. Bi í ní orúkọ. Bó bá ní 'Ògúnṣẹ̀yẹ', má wo gèlè, má wo ìró. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló dé. Kó mú ààrán tó bá wù ú."

"Kábíyèsí! Káàdì ńkọ́?"

Lọ́jà ní kí akọ̀wé kọ orúkọ Ògúnṣẹ̀yẹ sí bébà kan. Ó nà án sí Ojúọlá. Ojúọlá nu ojú, ó sì fi í sínú àyà aṣọ rẹ̀.

Bí a ṣe ń jáde, Susannah rọra sún mọ́ ọn. "Ìyá Fọláṣadé, ẹ má bínú o."

Ojúọlá wò ó látòkè délẹ̀.

"Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀? Ọkọ rẹ ni mí. Lọ gbé ọbẹ̀ kaná."