Ogún Àwo Iyán Lórí Òkè

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé"? Tinúoyè bíríkìlà ló fà á.

Ìjọ aládùúrà kan ló gbé iṣẹ́ fún un lórí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé wọn. Wòlíì ìjọ náà kò fẹ́ ilé onígun mẹ́rin tí gbogbo ayé ń kọ́. Gbọ̀ngàn roboto ló fẹ́, olórùlé sìmẹ́ńtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, láìsí òpó kan nínú, kí àdúrà ẹnì kan lè máa dún bíi ti ìjọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, wòlíì ní kí Tinúoyè máa ṣọ́ ọ, òun ń lọ kó àwọn ọmọ ìjọ wá. Ó sì bá àwọn obìnrin abúlé ṣàdéhùn pé bí wọ́n bá ti gbọ́ "àwá dé" láti òkè, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ bọ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá. Tinúoyè ń dá sùn, ó ń dá jí, ó ń kí ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pọn omi dé, ó dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó rọra ní, "Àwá dé." Òrùlé gbà á: àwá dé, àwá dé, àwá dé. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó fi gbogbo agbára tún un wí.

Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, Ìyá Àwẹ̀ró, olórí àwọn obìnrin náà, ti kó wọn gòkè pẹ̀lú ogún àwo iyán.

"Àwọn àlejò dà?"

Ojú ti Tinúoyè láti jẹ́wọ́. "Wọ́n wà nínú ilé, Ìyá. Wọ́n ń sinmi."

"Ẹ kú ìrìn o," ni Ìyá Àwẹ̀ró kí wọn láti ẹnu ọ̀nà.

Tinúoyè sáré wọlé, ó ní, "Ẹ ṣé o." Ó dún bí ẹni pé ogún ènìyàn ló dáhùn. Ni ó bá ń jáde wá gbé àwo wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di àwo kejìdínlógún, ó rẹ̀ ẹ́, kò jáde mọ́. Àwọn obìnrin gbé méjì tó kù wọlé fúnra wọn. Òun nìkan ni wọ́n bá, tó jókòó sáàárín iyán.

"Tinúoyè, ta ló wí pé àwọn dé?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí ló dé tí o wí bẹ́ẹ̀?"

"Nígbà tí mo wí i, àwọn kan dá mi lóhùn."

Ìyá Àwẹ̀ró jókòó, ó ṣan ọwọ́, ó fa àwo kan mọ́ra. Àwọn yòókù náà jókòó.

"A ó bá ọ jẹ ẹ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n lọ́la, 'mo dé' ni kí o wí, kí n lè gún iyán ẹnì kan."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí àwọn obìnrin náà ti ń fi òrí pa apá tí ọmọ odó ti bó, ni wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn pé ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé".