Bí Mo Ṣe Fi Àdín Pa Iyùn Lára

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi dákẹ́. Ọjọ́ náà ni mo sọ ara mi di dókítà nílé ọkọ ọmọ mi, ní Ọbáńtokò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Iyùn ni mo tà ní Láfẹ́nwá títí orúnkún mi fi ní ó tó. Èyí tó jẹ́ gidi àti èyí tó jẹ́ rọ́bà tí wọ́n kùn lọ́dà, mo mọ̀ wọ́n lójú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí Wàsíù, ọkọ ọmọ mi, nawọ́ sí nǹkan mẹ́ta nínú àpótí gíláàsì olómi iyọ̀ tó fi ń sin ẹja ní pálọ̀, tó ní, "Màmá, iyùn nìyí, ó wà láàyè," inú ni mo rẹ́rìn-ín sí. Mo ní wọ́n ti lu ọmọ yìí ní jìbìtì. Àwọn nǹkan náà pọ́n bí ọsàn, wọ́n ń mì lẹ́lẹ́ bí ewé. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Èkó, ọ̀dọ̀ wọn ló ń kọ́kọ́ yà kó tó kí ìyàwó rẹ̀.

Òun àti Múlíkátù ọmọ mi wá rìnrìn-àjò ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kí n bá wọn ṣọ́lé. Wàsíù ní kí n máa fún ẹja lóúnjẹ díẹ̀ nírọ̀lẹ́. "Àwọn yòókù, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n."

Fáànù kékeré kan wà tó ń fẹ́ sórí omi náà tọ̀sán-tòru. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn Abẹ́òkúta ò sì mọ àgbàlagbà. Mo wo ẹja, mo wo ara mi. Ẹja wà nínú omi, èmi ni mò ń làágùn. Mo yí ojú fáànù sọ́dọ̀ àga mi. Oorun ọ̀sán yẹn dùn.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, iyùn méjì ti funfun bí ẹfun. Mo ní, ẹ ò rí i? Iyùn gidi kì í ṣá. Ṣùgbọ́n àánú Wàsíù ṣe mí. Kí ojú má baà tì í níwájú ìyàwó rẹ̀, mo ní n ó tún un ṣe. Tí iyùn ò bá dán mọ́, àdín la máa ń fi pa á lára. Mo ká apá aṣọ sókè, mo yọ ọ̀kan jáde. Ó ń yọ̀ bí ilá. Mo pa á lára tẹ̀yìn-tiwájú, mo dá a padà. Bí àdín ṣe léfòó nìyẹn. Ẹja sá lọ sísàlẹ̀. Mo mú ìgbákọ, mò ń gbọ́n àdín, omi ń bá a jáde. Nígbà tí mo rí i pé omi ti lọ sílẹ̀, mo bu omi kànga kún un.

Ibẹ̀ ni wọ́n bá mi.

"Màámi, kí lẹ ń dín?" Múlíkátù ló bèèrè.

"Mi ò dín nǹkan kan. Iyùn ọkọ rẹ ló ń ṣá, mò ń tún un ṣe."

Wàsíù ò pariwo. Ó ti ìka bọ omi, ó wo fáànù, ó wo àga mi. "Màmá, omi yìí ti gbóná. Ooru ló ń ṣe wọ́n."

"Ooru? Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ náà ń mọ ooru ni?"

"Ẹ̀dá abẹ̀mí ni, Màmá. Nǹkan tíntìntín kan ń gbé nínú ara rẹ̀, òun ló ń fún un láwọ̀, òun náà ló ń bọ́ ọ. Tómi bá gbóná jù, iyùn á lé e jáde, á wá funfun. Kò tíì kú. Ebi ló ń pa á."

Mo jókòó. Ká ní àrùn ló pè é ni, ǹ bá jiyàn. Ṣùgbọ́n ebi, èmi náà mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Múlíkátù sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ ṣáà dúpẹ́ pé wọn ò bu ata sí i."

Wàsíù yí fáànù padà, ó ń fi omi iyọ̀ tuntun pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Ó na ìka sún mọ́ èyí tó funfun tí mi ò tíì pa lára, iyùn náà súnkì. Ó ní, "Èyí ṣì wà níbẹ̀." Èyí tí mo fi àdín pa lára ò yè é.

Mo ti kọ́gbọ́n. Ohun tí wọ́n bá ní kí n má fọwọ́ kàn, mi ò ní fọwọ́ kàn án, kódà tó bá jẹ́ orúkọ ọjà mi ló ń jẹ́.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, Wàsíù pè mí, ó ní kí n wo ojú fóònù. Iyùn náà ti tún ń pọ́n létí. Mi ò mọ̀gbà tí mo ní, "Kú ewu o. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

"Màmá, ta lẹ ń kí?"

Mo ní òun ni. Irọ́ ni, iyùn ni mò ń kí. Mo bá fi ẹ̀rín bojú.