Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè ní Gouka

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi ti rí láyé, ọjọ́ tí mo na ọwọ́ sókè nílé àwọn àna wa ní Gouka kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe mí fún yín.

Ìwé títẹ̀ àti fótókópì ni iṣẹ́ mi ní Bantè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gan-an. Bí ọkọ̀ Kútọnu bá ti ń kọjá, wọn a ju ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún mi. Àwọn kan a máa wá òṣèlú nínú rẹ̀, àwọn mìíràn a máa wá bọ́ọ̀lù. Ní tèmi, ojú ewé ẹ̀yìn ni mo máa ń ṣí, níbi tí àwọn àpótí kéékèèké funfun àti dúdú wà, èyí tí àwa tí a lọ iléèwé Faransé ń pè ní mo kurúwasé. Wọn a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ a wá a rí, wàá sì fi lẹ́tà rẹ̀ kún inú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń fún mi ní nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìyàwó mi ní ká ní mo ń wo òun bí mo ṣe ń wo àwọn àpótí yẹn ni, ọmọ wa ì bá ti pọ̀ ju báyìí lọ.

Àbúrò mi Rafíù, tó ń jó irin ní Savalou, ló fẹ́ fẹ́ Sikirá, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Gouka. Bàbá Sikirá kì í ṣe ẹni tí à ń fi owó tàbí aṣọ tù lójú. Ọ̀wẹ̀ àna ló ń béèrè: ẹbí ọkọ yóò wá kọ ebè iṣu fún un lóko, ẹnì kan nínú wọn yóò sì ṣe aṣíwájú. Aṣíwájú yìí kò gbọdọ̀ sọ ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò fi parí, ì báà máa mu omi, ì báà máa sinmi. Tó bá fi lè sọ ọ́ sílẹ̀, a jẹ́ pé ẹbí náà kò lè di ọmọ wọn mú nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti pàdánù Sikirá báyẹn lọ́dún èṣí, ẹ̀rù sì ń ba Rafíù débi pé kì í jẹun yó mọ́.

A kúkú ti múra sílẹ̀. A mú Yáyá dání, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa láti Koko, ẹni tí apá rẹ̀ tó itan mi. Bí wọ́n bá ti béèrè aṣíwájú, Yáyá ni yóò na ọwọ́. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n jókòó, kí n sì jọ ẹni tó kàwé.

Nígbà tí a dé ilé wọn ní Gouka, mo jókòó lóòótọ́. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Wọ́n kí ilé, wọ́n kí oko, wọ́n kí òjò, ó kù díẹ̀ kí wọ́n kí ewúrẹ́. Mo rọra yọ ìwé ìròyìn tí mo ká sápò agbádá, mo tẹ́ ẹ sórí itan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù: odò kan nílẹ̀ àwọn òyìnbó, lẹ́tà mẹ́rin. Láti àárọ̀ ni odò yìí ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo ṣe ń wá a kiri, mi ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Àfi bó ṣe yọ sí mi lọ́kàn lójijì: Rhin! Inú mi dùn débi pé mo ju ọwọ́ sókè, tòun ti bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé.

Gbogbo ojú yí sí mi.

Bàbá Sikirá wò mí láti orí dé orí bàtà mi tó ń dán. "Dakọ́ọ̀, ó dára bẹ́ẹ̀," ó ní. "A ti rí aṣíwájú. Kí Ọlọ́run fún un lágbára."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti béèrè ẹni tí yóò ṣe aṣíwájú. Mo wo Yáyá. Ó ń wo àjà ilé kó má baà bú sẹ́rìn-ín. Rafíù rọra sọ sí mi létí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí." Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún bàbá ìyàwó pé kì í ṣe tìtorí ọmọ rẹ̀ ni mo ṣe na ọwọ́, pé tìtorí odò òyìnbó ni? Mo gbé ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Rafíù fi alùpùpù gbé mi gba ọ̀nà pupa dé oko. Ebè Yáyá ga, ó rí roboto, ó wu ojú. Tèmi dà bí òkèlè tí ọmọdé bù. Kí oòrùn tó mú, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Mo ya ojú ewé òṣèlú nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, mo fi wé ọwọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òṣèlú máa wúlò fún mi. Rafíù ń tẹ̀ lé mi, ó ń tún ebè mi ṣe, ó ń bẹ̀ mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ ṣáà má sọ ọkọ́ yẹn sílẹ̀." Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Nígbà tí wọ́n ní ká sinmi, mo wọ́ ara mi lọ sábẹ́ igi èmí kan, ọkọ́ ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ojú ewé ẹ̀yìn ṣì wà lápò mi, ẹ̀yin náà kúkú ti mọ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí orúnkún, mo gbàgbé ayé. Mi ò wo ilẹ̀ tí mo jókòó lé. Ojú ọ̀nà ìjàlọ ni.

Ìjàlọ kì í kánjú. Wọ́n kọ́kọ́ gun òkè, oníkálukú dé àyè rẹ̀, wọ́n wá jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pariwo, mo fò dìde, mo sá gba àárín ebè. Àkókò yẹn gan-an ni Sikirá, ìyá rẹ̀ àtàwọn obìnrin ilé wọn ru oúnjẹ dé. "Ẹ bọ́ ṣòkòtò!" ni Yáyá ń pariwo. "Ọkọ́! Ẹ má sọ ọkọ́ sílẹ̀!" ni Rafíù ń ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo gbìyànjú láti ṣe tàwọn méjèèjì. Ọwọ́ òsì ni mo fi tú okùn, mo ń ta lórí ẹsẹ̀ kan, ọkọ́ wà lókè, títí ṣòkòtò fi bọ́ sórí ebè. Àwọn obìnrin yí ojú padà, ṣùgbọ́n wọn kò tètè yí i.

Nígbà tó rọlẹ̀, mo dúró pẹ̀lú pátá nìkan níwájú àwọn àna mi, ọkọ́ lọ́wọ́, omijé lójú. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ebè tí mo lè wọ inú rẹ̀, ti Yáyá nìkan ló sì tóbi tó.

Bàbá Sikirá rìn wá. Rafíù ti dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ nǹkan kan. Bàbá wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ọwọ́ mi.

"Ẹni tí ìjàlọ wọ ní ṣòkòtò," ó ní, "tó bọ́ra níwájú àna, tí kò sì sọ ọkọ́ sílẹ̀, ẹbí rẹ̀ kò ní sọ ọmọ mi sílẹ̀. Bí iṣẹ́ kò tilẹ̀ tíì parí, Rafíù, dìde, o ti rí ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú ẹ̀gbọ́n yín yìí wá sóko mi mọ́. A ṣì máa tún ebè rẹ̀ kọ."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le: ibi tí èèyàn bá jókòó sí pẹ̀lú èèyàn, ibẹ̀ ni kí ọkàn rẹ̀ wà. Odò òyìnbó kò lọ síbì kankan. Mo ṣì ń ṣe mo kurúwasé mi, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù nìkan ni.

Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Sikirá ní láti wá èyí tí yóò máa pè mí. Bó bá dé ṣọ́ọ̀bù mi, yóò kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú àwọn oníbàárà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á ní: "Ọkọ mi Ajuṣòkòtò-má-ju-ọkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo máa ń jẹ́ ẹ, mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń fa okùn ṣòkòtò mi le díẹ̀ sí i.