Ìlú Ńlá Tí Mákánjúọlá Fi Ń Wá Ìyàwó

Bí Mákánjúọlá bá ti fẹnu kan ìlú rẹ̀, ńṣe ni ìlú náà máa ń tóbi sí i. Àgọ́-Etídò ni wọ́n ti bí i, abúlé kan létí odò, ní ìhà Otu. Nígbà tó ń fẹ́ Waheedat ní Ìsẹ́yìn, ó sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé àdúgbò mẹ́ta ló wà nílùú òun, gbogbo rẹ̀ kún fọ́fọ́, olórí wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti odò wọn ńkọ́? Ó ní ẹni tó bá dúró létí rẹ̀ kò lè dá ẹni tó wà lódìkejì mọ̀!

Àwọn àna kò bá a jiyàn. Wọ́n ní àwọn á rán ẹni tí yóò wá wádìí ilé ọkọ. Bí ìwádìí bá dára, kó mú ìyàwó. Bí kò bá dára, kó gbàgbé Waheedat.

Ìyá Ládòkun, ẹ̀gbọ́n bàbá Waheedat, ni wọ́n rán. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí màmá ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, Mákánjúọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Odò ńlá yẹn dà?"

"Ẹ ti kọjá rẹ̀, Màmá."

"Níbo?"

"Ibi tí ọ̀kadà ti ta yín sókè lẹ́ẹ̀kan yẹn ni."

Màmá bojú wẹ̀yìn. Ewúrẹ́ kan sùn sí àárín odò.

"Háà! Ewúrẹ́ yín mà mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ o!"

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èrò. Gbogbo abúlé ti lọ sóko, àfi Bàbá Jẹ́ẹ́dé. Mákánjúọlá sì ti bẹ bàbá náà kó máa gba ẹ̀yìnkùlé sáré, kó lè ṣe olórí àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní àdúgbò kìn-ín-ní, Bàbá gbé omi fún àlejò pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ní ìkejì, ó ti yí fìlà padà, ó tún gbé omi wá. Nígbà tí wọ́n fi dé ìkẹta, fìlà ti bọ́ sọ́nà, Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Kí lorúkọ yín?" Ìyá Ládòkun bi í.

Bàbá Jẹ́ẹ́dé kọjú sí Mákánjúọlá. "Ọmọ mi, ta lo ní kí n máa jẹ́ níbí?"

Màmá fa àpótí fún Bàbá.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Àgbà kì í wà ní àdúgbò mẹ́ta kí ẹsẹ̀ má dùn ún."

Mákánjúọlá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Waheedat ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn?"

"Rárá o, a fún ọ. Ẹni tó lè torí ọmọ wa sọ abúlé di ìlú ńlá, ó fẹ́ ẹ dénú. Ṣùgbọ́n ẹ tètè máa bímọ, kí Bàbá yìí lè rí ẹni gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."