Iye Ọmọ Ìyá Balqees

Lọ́dún 2009, Gbóyèga, tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí ní Ìwó, ń tẹ ìwé ìbúra fún àwọn èèyàn wa nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Rockey Street, ní Yeoville, ní ìlú Johannesburg ní South Africa. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Morufat, ìyá Balqees, jókòó síwájú rẹ̀. Bí ìwé ìbúra tirẹ̀ kò bá dé ilé ìwé kan ní Randburg kí aago mẹ́ta tó lù, ọmọ mìíràn ni wọn yóò fún ní àyè Balqees. Orúkọ ti wọlé, àdírẹ́sì ti wọlé. Ó ku ìlà kan.

"Ìyá Balqees, ọmọ mélòó lẹ ní?"

"Wọ́n wà, a dúpẹ́."

"Mo mọ̀ pé wọ́n wà. Mélòó?"

"Wọn ò pọ̀, wọn ò sì kéré."

Gbóyèga bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun téèyàn bá sọ lẹ́nu lásán, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wọnú ìwé, tí ọlọ́pàá sì lu òǹtẹ̀ sí, ẹni tó sọ ọ́ ti fi ara rẹ̀ dúró fún un níwájú òfin. Òfin kò mọ "a dúpẹ́".

"Irọ́ ni mo pa ni, Bọ̀dá? Ṣé a ò dúpẹ́ ni?"

"Iye ni òfin ń bèèrè."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ wá ní kí èmi ọlọ́mọ fẹnu ara mi kà wọ́n, kí n tún búra sí i?"

"Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn. Joburg la wà."

"Ayé ò mọ ọ̀nà Joburg ni?"

Gbóyèga wo aago. Ó ní ìbẹ̀rù lásán ni, ẹni tó bá lajú kì í fi iye ọmọ rẹ̀ pa mọ́.

"Ó dáa. Mélòó ni tiyín?"

Gbóyèga húkọ́. Ó ń nu awò ojú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọlọ́run ṣe é."

"Ẹ tẹ ìyẹn fún èmi náà."

"Eish, Ìyá Balqees."

Morufat fa àga sún mọ́ ọn. "Orúkọ wọn ni kí ẹ tẹ̀. Balqees, Tesleem, Bàṣírù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye wọn, kó fojú ara rẹ̀ kà á."

Gbóyèga tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń to nọ́ńbà síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: 1, 2, 3.

"Ta ló kà wọ́n?"

"Ẹ̀rọ ni. Èmi ò fọwọ́ kàn án."

Nígbà tí ìwé náà jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Morufat tẹjú mọ́ ọn, ó wá mú bírò.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ló kà wọ́n. Mo máa búra sí ìyẹn."