Irun Àgùntàn, Orí Tíṣà

Tíṣà jókòó lórí àga onígbàjámọ̀, ó di ojú pinpin nítorí irun tó ń dà sílẹ̀. Ní agogo méjì ọ̀sán, alábẹ̀wò ń bọ̀ ní kíláàsì rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tó ẹni tí wọ́n ń sọ di ọ̀gá ilé-ìwé.

TÍṢÀ: Rọra o, àbúrò. Orí tí wọ́n máa wò lónìí nìyí.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Kí lẹ máa kọ́ wọn?

TÍṢÀ: Àkànlò èdè òyìnbó kan. Wọ́n ní lágbájá fa irun àgùntàn bo tàmẹ̀dù lójú.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Àgùntàn wá dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fa irun ẹ̀?

TÍṢÀ: Kò sí àgùntàn níbẹ̀!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kò sí àgùntàn, irun ẹ̀ wá wà. Òyìnbó mà ga o!

TÍṢÀ: Ó tàn án jẹ ni wọ́n ń wí. Bí àwa náà ṣe ń sọ pé wọ́n fi ọ̀bọ lọ̀ ọ́.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ọ̀bọ tún ti dé! Ẹran inú ẹ̀tàn yìí ti ń pọ̀ jù.

(Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ mì. Kílípà ké kìrììì. Ọ̀nà gbọọrọ kan là láti ìpàkọ́ dé àtàrí. Onígbàjámọ̀ lanu, kò lè pa á dé. Ó rọra dojú dígí kọ ògiri.)

TÍṢÀ: Kí ló ké yẹn?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kílípà ni. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má lajú o, irun á kó sí i! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tí wọ́n ń tàn, ṣé ó máa ń mọ̀?

TÍṢÀ: Bó bá mọ̀, ṣé ẹ̀tàn ni? Inú ẹ̀ á tiẹ̀ máa dùn ni.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Inú tiyín ńkọ́, sà?

TÍṢÀ: Ó ń dùn gan-an! Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ni, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè tó báyìí rí.

(Ojú ti onígbàjámọ̀. Ó pa kílípà.)

TÍṢÀ: Ó yá, fún mi ní àpẹẹrẹ kan.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ká ní ẹnìkan ṣèèṣì ba orí oníbàárà ẹ̀ jẹ́... ó wá ní kó dijú, ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, kó má baà wo dígí.

TÍṢÀ: Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá! Àpẹẹrẹ tí màá lò gan-an nìyẹn...

(Ó lajú. Ó fọwọ́ kan ìpàkọ́, ọwọ́ bọ́ sọ́nà, ó ń gùn ún lọ títí dé àtàrí.)

TÍṢÀ: Àbúrò.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Sà.

TÍṢÀ: Mo gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí alábẹ̀wò kí n tó lè kọ ọ̀rọ̀ yìí sí pátákó!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ìyẹn ló tiẹ̀ dáa, sà. Bí ẹ bá ti yíjú sí pátákó báyìí, ìtumọ̀ ẹ̀ á yé gbogbo kíláàsì kí ẹ tó kọ ọ́ tán.