Egungun Ìhà Àlhájì

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn Iléyá ni Àlhájì Àbdùlkàdírì, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kúrò ní àdúgbò Adéwọlé ní Ìlọrin, ó gba ilé ìwòsàn kan ní Fate lọ. Ìhà ọ̀tún ń dùn ún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún un. Ó jókòó síwájú Dókítà Asabe, ó ti múra tán láti gbọ́ ìròyìn ikú ara rẹ̀.

"Dókítà, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ọkàn ni."

"Àlhájì, apá òsì lọkàn wà. Ọ̀tún lẹ dì mú."

"Ó lè ti ṣí lọ. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ló ti wà lójú kan."

Dókítà fi ìka tẹ ìhà náà. Àlhájì fò sókè lórí àga.

"A ti yẹ ọkàn yín wò, ó le koko. Egungun ni."

"Egúngún kẹ̀? Ní Ìlọrin?"

"Egungun, Àlhájì. Èyí tí ẹran bò, kì í ṣe èyí tí aṣọ bò. Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"N ò ṣubú."

"Ṣé ẹ wúkọ́ púpọ̀?"

"N ò wúkọ́."

"Ọ̀kadà ló gbá yín?"

"N kì í gun ọ̀kadà, n kì í sì í dúró lọ́nà rẹ̀."

"Ó dáa. Ṣé nǹkan kan kàn yín?"

Àlhájì wo fèrèsé. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó ti ń sọ bọ̀, kò sì fẹ́ bà á jẹ́.

"Àgbò," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa mu àgbo?"

"N ò mu ún, Dókítà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, àgbò Iléyá wa. Hadiza ìyàwó mi ní kí n má tú u. Mo ní èmi àti àgbò ti mọra láti kékeré. Ó fi ìwo sọ fún mi pé òun ò mọ̀ mí rí."

"Kí lẹ wá wí nílé?"

"Pé ọkàn ló ń yọ mí lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni Hadiza ti ń gbààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì nítorí mi. Nígbà tí mo rí bó ṣe ń sunkún, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́."

Dókítà bo ẹnu rẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ó lọ ya àwòrán ìhà náà, ká mọ̀ bóyá ó sán. Ẹ lo oògùn ìrora yìí, ẹ máa mí kanlẹ̀, ẹ má fi ọ̀já di àyà, ẹ má gbé ẹrù wúwo. Bí èémí bá há, ẹ tètè padà wá. Yóò san." Ó mú kálàmù. "Ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sí Àlhájà, kí wọ́n lè máa jẹun: àgbò ló kàn yín."

Àlhájì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà.

"Ẹ má dárúkọ àgbò, Dókítà. Ẹ kọ ọ́ pé ohun tó kàn mí ni, kò kan ẹlòmíràn."